Fóònù Tí Wọ́n Ní Kò Ṣeé Tú

Títí di òní, ìyá mi kò tíì rí iṣẹ́ mi ṣàlàyé fún àwọn ará ìjọ rẹ̀ ní Iléṣà. Bí wọ́n bá bi í pé kí ni ọmọ rẹ̀ ń ṣe ní South Africa, á ní, “Ó ń kọ̀wé nípa fóònù.” Ẹni tó béèrè á wá ní ṣé ó lè bá òun fi ọ̀kan ránṣẹ́. Ọkọ mi tó jẹ́ dókítà kò ní irú ìṣòro yìí. Kò sẹ́ni tó ń bi ìyá tirẹ̀ pé kí ni dókítà ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n tètè ṣàlàyé ara mi. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá máa ń ṣe ẹ̀rọ tuntun. Wọ́n á pe àwa akọ̀ròyìn sí gbọ̀ngàn kan ní Midrand, lẹ́bàá Johannesburg, níbi tí òtútù ẹ̀rọ amúlétutù ti ń mú eegun, wọ́n á fún wa ní kọfí àti kéèkì, wọ́n á sì sọ fún wa pé ẹ̀rọ yìí máa yí ayé padà. Lọ́dún tó ń bọ̀ wọ́n á tún pè wá, wọ́n á ní ti èṣí kò fi bẹ́ẹ̀ dára, tuntun yìí gan-an ló máa yí i. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń jẹ kéèkì wọn. Ayé ṣì wà níbi tó wà. Èmi nìkan ni mo yí padà, pàápàá láti ìbàdí sísàlẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ mi a máa kọ ohun tí ilé iṣẹ́ bá ti kọ fún wọn. Wọ́n á kàn gbé gbólóhùn tó wà níwájú sẹ́yìn, wọ́n á sì fi orúkọ ara wọn sókè. N kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà ṣe é fún ọdún púpọ̀, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ọjọ́ tí fóònù mi já sínú ìkòkò ọbẹ̀ ilá ni Ọlọ́run gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan ló júwe àárín ìlú fún mi, nítòsí ibùdó takisí, pé bàbá Ìjẹ̀ṣà kan wà níbẹ̀ tó ń tún fóònù ṣe. Mo rí ṣọ́ọ̀bù náà láàárín ẹni tó ń ta búláńkẹ́ẹ̀tì lódindi báálì àti obìnrin kan tó ń ta wíìgì. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ti kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ lọ. Bàbá náà ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, ó fi okùn bàtà so gíláàsì rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó gbé e sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀.

“Ìyáàfin,” ló wí, “ata rẹ̀ kò tó.”

Bí mo ṣe rẹ́rìn-ín, tí mo sì fi Ìjẹ̀ṣà dá a lóhùn, ni ọ̀rọ̀ wa ti wọ̀. Mo jókòó, mò ń wò ó. Ọpọ́n ayò kan wà lórí tábìlì rẹ̀, èyí tí àwọn ojú rẹ̀ ti dán nítorí ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti fi ta á, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ ayò kankan nínú rẹ̀. Bí bàbá bá tú àwọn skúrù ìpele àkọ́kọ́ lára fóònù, á jù wọ́n sí ojú àkọ́kọ́. Ìpele tó tẹ̀ lé e, ojú tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó bá fẹ́ tì í padà, á bẹ̀rẹ̀ láti ojú tó gbẹ̀yìn, á máa padà bọ̀ níkọ̀ọ̀kan, títí ọpọ́n á fi ṣófo. Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀, kò sì ṣì í rí.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀nà tí mò ń gbà ṣiṣẹ́ ti yí padà. Fóònù yòówù kí ilé iṣẹ́ fún mi láti dán wò, ọ̀dọ̀ bàbá ni mò ń gbé e lọ kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kan. Á tú u, èmi á máa wo inú rẹ̀, á máa sọ fún mi ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ gidi àti ibi tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù bo ọ̀lẹ mọ́lẹ̀. Àwọn òǹkàwé bẹ̀rẹ̀ sí í wá ojú ìwé mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tó yá, ohun tí mo ti rí lórí tábìlì yẹn pọ̀ ju ohun tí ìwé ìròyìn lè gbà, mo bá kọ ọ́ ní ìwé odidi, ìwé tèmi àkọ́kọ́. Atẹ̀wé kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Newtown kà á, ó ní òun fẹ́ ẹ. Ìbuwọ́lùwé nìkan ló kù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí ilé iṣẹ́ kan, tí n kò ní dárúkọ, fi gbé fóònù kan jáde. Wọ́n ní ó lẹ́wà, òótọ́ ni. Wọ́n ní ó le, òótọ́ ni. Wọ́n wá ní kò ṣeé tú, pé bí ẹlòmíràn yàtọ̀ sí àwọn bá ṣí i, yóò kú, kò sì ní jí mọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí ojú fóònù rẹ̀ bá fọ́, kó yáa lọ ra òmíràn. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá. Ó fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú irun gbẹ fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí i, èyí tó yá lọ́wọ́ oníwíìgì. Ó ṣí i, ó pààrọ̀ ojú rẹ̀, ó tì í padà, ó sì fi òkú fóònù náà pe ìyàwó rẹ̀ nílé pé kó máa gbé omi ẹ̀bà kaná, òun ti ń bọ̀. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo kọ omi ẹ̀bà náà mọ́ ọn.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, olóòtú wa pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Obìnrin Zulu ni, ohùn rẹ̀ kì í ga, ṣùgbọ́n tó bá ti fi “eish,” ìyẹn “háà” tàwọn ará ibẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kí oníkálukú wá ibi jókòó. Ó ní eish. Mo jókòó. Ilé iṣẹ́ náà ti kọ̀wé pé irọ́ ni mo pa, pé ohun tí mo kọ kò lè ṣẹlẹ̀, pé ó ní láti jẹ́ pé fóònù mìíràn ni wọ́n fi rọ́pò lójú mi, tàbí kó jẹ́ pé èmi ni mo hùmọ̀ bàbá náà. Wọ́n fẹ́ kí n tọrọ àforíjì ní ojú ìwé kan náà, ní títóbi kan náà. Bí n kò bá rí ẹ̀rí mú wá títí di Fúráìdè, àforíjì á jáde, ojú ìwé mi á sì dópin.

“Mo gbà ọ́ gbọ́,” ni olóòtú wí, “àmọ́ mi ò lè tẹ ìgbàgbọ́ jáde.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà ni atẹ̀wé pè mí lórí fóònù. Ó ti gbọ́. Ó sọ̀rọ̀ yí ibì kan ká, ó sọ nípa ojú ọjọ́, ó wá ní ẹ jẹ́ ká fi ti ìbuwọ́lùwé sílẹ̀ títí di Fúráìdè ná. N kò bá a jà. Odidi ìwé tí mo kọ, ohun tí mo rí lórí tábìlì kan ló dá lé. Bí wọ́n bá ní n kò rí i, kí ló kù níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni fẹ́ kà?

Ilé iṣẹ́ náà fún mi ní àǹfààní kan ṣoṣo: kí n mú bàbá náà wá sí Midrand ní Tọ́sìdé, kó tú fóònù náà níwájú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wọn. Inú mi dùn. Mo ní ọ̀rọ̀ ti tán. Ní àárọ̀ Túsìdeè mo ti dé ṣọ́ọ̀bù kí bàbá tó ṣí ilẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀, mo rojọ́ tán, mo ní kó bá mi ká lọ.

Bàbá ní òun kò lọ.

Mo rò pé àwàdà ni. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó nu gíláàsì rẹ̀, ó gbé e wọ̀, ó wò mí dáadáa.

“Orúkọ ta ló wà lórí ohun tí ẹ kọ?”

“Tèmi ni, sà.”

“Tí èmi bá lọ tú u, kí ni wọ́n máa sọ? Wọ́n á ní idán ni, bàbá kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n ní gbogbo Johannesburg. Ọ̀rọ̀ wọn ṣì dúró. Ṣùgbọ́n tí irú ẹ̀yin yìí bá tú u, tí ẹ ò lè ṣí agolo sàdíìnì láìgé ọwọ́, ta ló tún máa sọ pé kò ṣeé tú?”

Mo fẹ́ bínú nítorí ti sàdíìnì yẹn, ṣùgbọ́n òótọ́ ni, ó sì mọ̀ pé òótọ́ ni nítorí ó ti fi báńdéèjì wé ọwọ́ mi rí. Mo bi í pé ta ló máa kọ́ mi. Ó na ìgbálẹ̀ sí mi.

Láti ìṣẹ́jú yẹn ni “ẹ̀yin” ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Mo di “ìwọ.” Ọmọ iṣẹ́ kì í jẹ́ ẹ̀yin. Mo gbálẹ̀, mo nu tábìlì, mo lọ bu omi. Èmi tí mo gba oyè ní yunifásítì méjì. Oníwíìgì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí bí ẹni ń wo sinimá.

“Bàbá, ọmọ iṣẹ́ yín yìí mà dàgbà o.”

“Àwọn òbí rẹ̀ ló pẹ́ kí wọ́n tó mú un wá,” ni bàbá dá a lóhùn, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Oríṣi skúrù mẹ́ta ló wà nínú fóònù náà. Lójú tèmi, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, bí ìyànrìn ṣe jẹ́ ọ̀kan náà. Bàbá ní kí n to mẹ́ta lórí bébà funfun kí n wò ó, ìgbà náà ni mo rí i pé ọ̀kan fi díẹ̀ gùn ju èkejì lọ, bí èékánná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Díẹ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Bí èyí tó gùn bá bọ́ sí ihò èyí tó kúrú, á gún ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, fóònù á sì kú. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí bàbá fi ń lo ọpọ́n ayò: kí ojú má baà gbọ́kàn lé ara rẹ̀.

Ní Túsìdeè mo pa fóònù àlòkù méjì. Bàbá gbà wọ́n lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, ó kó wọn sínú ọ̀rá, ó sì kí mi kú ọ̀fọ̀. Nígbà tí mo délé, ọmọbìnrin mi rí ìka mi tó ti pọ́n, ó fi òyìnbó bi mí pé ṣé ọjọ́ orí mi kò ti kọjá irú eléyìí. Mo ní kó lọ bi ọ̀gá mi. Ní Wẹ́sìdeè, mo pa ọ̀kan láàárọ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e, mo tú u, mo tì í, mo tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀, ó tan. Mo tún un tú, mo tún un tì. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta tó tan, oníwíìgì pàtẹ́wọ́. Bàbá ní ọwọ́ mi ṣì wúwo bí ọwọ́ ẹni tó ń gúnyán. Lẹ́yìn náà ló fi ìwé ìròyìn, èyí tí ọ̀rọ̀ mi wà nínú rẹ̀, wé ọpọ́n ayò rẹ̀, ó sì gbé e fún mi.

Báyìí ni mo ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Midrand ní Tọ́sìdé, tí mo fi ọpọ́n ayò há abíyá bí ẹni ń lọ síbi ìdíje. Olóòtú wa ti wà níbẹ̀ nígbà tí mo dé. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ mẹ́fà jókòó yí tábìlì gígùn kan ká. Ọ̀gá wọn jẹ́ ọkùnrin ẹgbẹ́ mi tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, ó níwà pẹ̀lẹ́, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì béèrè pé níbo ni atúnfóònùṣe wà.

Mo fọwọ́ kan àyà mi.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo tú ìwé ìròyìn kúrò lára ọpọ́n ayò, wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ọ̀gá náà sì bi mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bóyá oògùn oríire ni. Mo ní rárá, àwo ni. Ojú olóòtú wa dà bí ojú ẹni tó ti ń ro ohun tó máa kọ sínú àforíjì.

Bàbá ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má wo ojú ẹnikẹ́ni, skúrù ni kí n máa wò. Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn. Mo fi ooru rọ gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn fóònù náà. Mo ṣí i. Skúrù ìpele àkọ́kọ́ bọ́ sójú àkọ́kọ́, ìpele kejì bọ́ sójú kejì, nígbà tí mo máa fi dé ìpele kẹrin, ẹ̀rín ti tán nínú yàrá náà. Mo yọ ojú fóònù, mo fi tuntun sí i, mo sì ń padà bọ̀ láti ojú tó gbẹ̀yìn. Ọpọ́n ṣófo. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó dúdú. Ó ṣì dúdú. Mo ti ń ronú ohun tí màá sọ fún ọkọ mi nígbà tí ìmọ́lẹ̀ yọ lójú rẹ̀.

Mo fi fóònù náà pe bàbá. Mo ní, “Bàbá, ó ti tan o.” Ó ní ṣé mo ti gbálẹ̀ ibẹ̀.

Ẹ óò rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Ọ̀gá onímọ̀ ẹ̀rọ ní kò tíì dá òun lójú, ẹ̀ẹ̀kan lè jẹ́ oríire. Òun náà máa tú ọ̀kan fúnra rẹ̀, kí gbogbo wa jọ wò ó. Ó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè. Ó hàn pé ó ti pẹ́ tó ti ń pàṣẹ fún àwọn tó ń tú fóònù ju kó tú u fúnra rẹ̀ lọ. Bó ṣe ń yọ skúrù ló ń dà wọ́n sínú sọ́sà ife kọfí rẹ̀, gbogbo wọn lápapọ̀. Mo rí i, mo sì dákẹ́. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo tilẹ̀ mu omi.

Ó tì í tán. Ó tẹ̀ ẹ́. Kò tan. Ó tún un tẹ̀, ó dì í mú pẹ́. Fóònù náà sùn sílẹ̀ bí òkúta. Ẹnì kan lára wọn wá sọ ohun tí mi ò retí: pé ṣé ẹ wá rí i, bí àwọn ṣe wí náà nìyí, ẹ ṣí i, ó sì kú. Àwọn yòókù ń mi orí. Olóòtú wa yíjú sí mi. Ní ìṣẹ́jú kan péré, ohun gbogbo tí mo ti jèrè ti fẹ́ bọ́.

Mo ní kí ọ̀gá náà jọ̀ọ́ gbé e fún mi. Mo tún un ṣí. N kò wá jìnnà. Mo yọ skúrù kan ní apá òsì, mo tẹ́ bébà funfun, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ó fi èékánná kan gùn jù ú lọ. Mo sì fi ibi tó ti gún inú fóònù hàn án. Ó fa gíláàsì kan tó ń mú kí nǹkan tóbi jáde látinú dúrọ́ọ̀, ó tẹrí ba lé e lórí pẹ́ títí. Nígbà tó gbórí sókè, àwọn ènìyàn rẹ̀ ló kọjú sí, kì í ṣe èmi.

“Kì í ṣe ṣíṣí tí mo ṣí i ló pa á,” ló wí. “Èmi ni mo pa á.”

Mo ti pàdé ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n nídìí iṣẹ́ yìí, àwọn tó lè sọ irú gbólóhùn yẹn níwájú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ wọn kò tó iye ìka tó wà ní ọwọ́ kan. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ gidi. Ó bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo ní bàbá tí ẹ ní mo hùmọ̀ ni.

Ní Fúráìdè, dípò àforíjì, ọ̀rọ̀ mi jáde ní ojú ìwé iwájú, pẹ̀lú àwòrán ọpọ́n ayò gàdàgbà. Ilé iṣẹ́ náà kọ̀wé pé àwọn ti gba ẹ̀sùn àwọn padà, wọ́n sì yọ “kò ṣeé tú” kúrò nínú ìpolówó wọn. Atẹ̀wé pè mí kí n tó mu tíì tán, pé àwọn ìwé àdéhùn ti wà nílẹ̀, kí n wá buwọ́ lù ú. Mo sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́ díẹ̀. Mo wá ní ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ títí di Mọ́ńdè ná. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí títí mo fi ṣàánú rẹ̀. Mo buwọ́ lù ú lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ní Sátidé, mo dá ọpọ́n padà fún olówó rẹ̀. Bàbá ní kí n kúnlẹ̀. Mo rò pé mo tún ti ṣẹ̀. Ó pe oníwíìgì àti oníbúláńkẹ́ẹ̀tì wá ṣe ẹlẹ́rìí, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó gbàdúrà fún mi bí ọ̀gá ṣe ń gbàdúrà fún ọmọ iṣẹ́ tó parí ẹ̀kọ́, ó fi ọ̀kan nínú àwọn skúrùdíráfà rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní òun ti fún mi ní frídọ́ọ̀mù. Oníwíìgì ṣe àmín tán kó tó ṣàròyé pé ọdún mẹ́ta gbáko ni òun fi kọ́ṣẹ́ irun kí ọ̀gá òun tó tú òun sílẹ̀, ọjọ́ méjì ni tèmi. Bàbá ní ẹni tí ajá ń lé kì í rin ìrìn fàájì.

Nígbà tí ìwé ń lọ sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, wọ́n bi mí pé kí ni kí àwọn kọ nípa mi sí ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ti to àwọn oyè yunifásítì mi síbẹ̀ àti ogún ọdún iṣẹ́ ìròyìn. Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ pé mo kọ́ṣẹ́ fóònù títúnṣe ní àárín ìlú Johannesburg, ọ̀gá mi sì ti fún mi ní frídọ́ọ̀mù. Wọ́n bi mí pé irú ìwé ẹ̀rí wo nìyẹn. Mo ní òun ló ga jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ tí ìwé náà jáde ní Newtown, èrò tò láti iwájú tábìlì mi títí dé ẹnu ọ̀nà. Mò ń buwọ́ lù ú, ọwọ́ ń dùn mí, mò ń gbádùn ara mi. Mo na ọwọ́ láti gba ìwé lọ́wọ́ obìnrin kan tó kàn, n kò rí ìwé gbà. Fóònù kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́ yángá ló gbé lé mi lọ́wọ́. Ó ní òun ti ka ẹ̀yìn ìwé náà níbi tí òun dúró sí.

Mo gbé gíláàsì mi wọ̀. Mo ní kó fa àga kan súnmọ́ ọ̀dọ̀ mi, kó jókòó.